Tẹlifíṣàn Ìbàdàn Lójú Láptọ́ọ̀pù

Tí ọmọ ìwòyí bá sọ fún ọ pé òun ń wo tẹlifíṣàn lórí láptọ́ọ̀pù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe tẹlifíṣàn ló ń wò. Netflix ni, tàbí YouTube, tàbí fíìmù kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà sínú fláàṣì fún un. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀: èyí tó ń gba ojú ọ̀run wá, tí áńtẹ́nà ń gbé, tí kì í jẹ dátà, tí kò bìkítà bóyá o ti múra sílẹ̀ tàbí o kò tíì múra. Bí àsìkò ìròyìn bá ti tó, ó ti tó nìyẹn. Ohun tí ò ń wò ní Olódò ni onígbàjámọ̀ ń wò ní Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ni ẹni tí o kò mọ̀ rí ń wò ní Mọ́kọ́lá, ní ìṣẹ́jú kan náà.

Fún bí ọdún méjì, inú láptọ́ọ̀pù mi ni gbogbo ilé wa ti ń wo ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n júwe Olódò fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Tí ẹ bá gba Ìwó Road jáde kúrò nígboro Ìbàdàn, ẹ ó kọjá Mọ́nátàn, ẹ ó kọjá Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó kàn wá. Tí ẹ kò bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà yẹn á gbé yín dé Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kọ́kọ́ débẹ̀, oko ni. Ní báyìí, ilé pètẹ́ẹ̀sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́, ẹni tó ń ta káàdì fóònù sì lè jókòó síwájú ẹni tó ń sun àgbàdo. Kì í ṣe ìgboro tán, kì í ṣe abúlé mọ́.

Ní 2019, wọ́n mú iná dé lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ọ̀hún sì wá pẹ̀lú agbára tí ilé wa kò lè gbà. Gílóòbù mẹ́ta bẹ́. Tẹlifíṣàn ṣe “pá!”, èéfín jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣàn onídìí ńlá ìgbà yẹn ni, èyí tí èèyàn méjì máa ń gbé. Ọ̀gá tó ń tún irú rẹ̀ ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí, ó ní kí a má wulẹ̀ náwó sí i mọ́. Owó tuntun kò sì sí nílẹ̀. Owó ilé ìwé àbúrò mi ló wà nílẹ̀.

Ẹ lè ní, ṣebí rédíò wà. Rédíò wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etí Ìyá Àgbà ti ń wúwo láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu yín ló máa ń wò. Rédíò kò ní ẹnu tí èèyàn lè wò. Ìyá Àgbà kò kàwé, nítorí náà ìwé ìròyìn kò lè ràn án lọ́wọ́. Lórí tẹlifíṣàn nìkan ni ojú rẹ̀ ti lè bá etí rẹ̀ ṣiṣẹ́: á wo ẹnu ẹni tó ń ka ìròyìn Yorùbá, á wo àwòrán ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, á sì so méjèèjì pọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, tí omi wó ilé, tó gbé afárá lọ, tó sì pa èèyàn tó ju 100 lọ, orí tẹlifíṣàn ni Ìyá Àgbà ti rí àwọn ọ̀nà tó ti gé. Òun ló sọ fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà pé kí wọ́n dúró ná. Ẹni tó mọ ohun tó ń lọ nílùú, àgbà ni láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣàn jóná, ipò yẹn bá a jóná. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, obìnrin tó máa ń bá bàbá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba títí ilẹ̀ á fi ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wọlé sùn. Tí a bá bi í léèrè ohun kan, á ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀” yẹn ló ká mi lára jù.

Ó tún wá jẹ́ pé Ìbàdàn ni. Ìbàdàn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni tẹlifíṣàn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀! Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí rẹ̀, ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion. Aníkẹ́ Àgbájé-Williams ni ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Nígbà tó yá, láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ gba ti gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀, ti Ìbàdàn sì di NTA Ìbàdàn.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń mú mi ronú. Ní 1953, Gómìnà John Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó sì nàka ẹ̀bi sí Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì. Wọn ò gbà. Láti ìgbà náà ló ti mú un lọ́kàn pé Ìwọ̀-Oòrùn gbọ́dọ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ẹ sì rántí orúkọ tí àwọn bàbá wa fún rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀rọ tó ń sọ, tí kì í gba èsì. Ẹni tí wọ́n kò gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀ ló bí tẹlifíṣàn wa.

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kò gbà pé kì í gba èsì. Ó máa ń dá tẹlifíṣàn lóhùn. Ó sọ fún wa pé ilé ọ̀gá tí ọkọ òun ń bá ṣiṣẹ́ lòun ti kọ́kọ́ rí Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, lójú ẹ̀rọ, pé gbogbo àwọn tó wà ní yàrá náà ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yìn Adéjọbí ń ṣe Kóòtù Aṣípa ní NTA Ìbàdàn, Ìyá Àgbà á ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ kí kóòtù tó dá a. Tí ìdájọ́ kò bá bá tirẹ̀ mu, orí kóòtù kò ní dùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní London fi ẹrù ránṣẹ́. Láàárín bàtà àti aṣọ, mo rí ọ̀pá kékeré kan tí kò ju fláàṣì lọ: ẹnu kan fún USB, ẹnu kejì fún wáyà áńtẹ́nà. Ó ti lò ó sú. Ohun tó wà fún ni kí láptọ́ọ̀pù lè gbé tẹlifíṣàn láti ojú ọ̀run. Áńtẹ́nà tó bá a wá kò ju àbẹ́là lọ, irin kékeré tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nídìí. Nínú yàrá wa ní Olódò, kò gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n áńtẹ́nà àtijọ́ ṣì wà níta, lórí ọparun gígùn tí bàbá mi rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, tó kọjú sí ìgboro. Mo fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, mo kì í bọ ẹnu ọ̀pá. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

Láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkànnì. Àwòrán yọ! Àbúrò mi fò sókè. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí. Ẹnu ń mì, “ṣííí” nìkan la ń gbọ́. Bàbá mi ní bóyá sípíkà ló ti bàjẹ́. Mo kọ orin kan sí i, sípíkà kọrin.

Ìyá Àgbà ti jókòó ní tirẹ̀. Ó tẹjú mọ́ àwòrán tí kò fọhùn náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá ní, “Wọ́n tún fẹ́ ṣe ọ̀nà kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ò gbà á gbọ́ pàápàá.” A bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé bó ṣe ń wo ayé láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di adití, òun ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdí tí ohùn kò fi sí kò le, tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n. Nínú tẹlifíṣàn àtijọ́, àwòrán àti ohùn kì í rìn lójú ọ̀nà kan náà. Wọ́n jọ ń lọ ni, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Ìlànà PAL ni àwa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ lò fún tẹlifíṣàn àtijọ́, ṣùgbọ́n àlàfo yẹn yàtọ̀: tiwọn jẹ́ mẹ́gáháàsì 6, tiwa jẹ́ mẹ́gáháàsì 5.5. Ọ̀pá tó ti London wá ń tẹ́tí síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Mo wá orúkọ Nàìjíríà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lórí rẹ̀, láti òkè délẹ̀, kò sí. Jámánì wà níbẹ̀, àlàfo tiwọn sì bá tiwa mu. Mo yan Jámánì. Lójú ẹsẹ̀, ìròyìn Yorùbá bú jáde láti Ìbàdàn.

Mo ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà pé a ti di ará Jámánì. Ó ní, “Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á ni?”

Ohùn ọ̀hún kéré, nítorí sípíkà láptọ́ọ̀pù kò lágbára. Mo bá mú íápíìsì mi, mo rọra fi sí i létí. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó wá lọgun, bí àwọn tó wọ íápíìsì ṣe máa ń lọgun: “Ẹ MÁ PARIWO MỌ́!” Ẹnikẹ́ni kò pariwo nínú wa. Òun ni ariwo náà wà létí rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Tẹlifíṣàn ńlá tó jóná yẹn kò fún un ní irú ìyẹn rí. Títí di òní, tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó dára jù tí mo fi láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ìwé kankan ni mo máa dárúkọ.

Báyìí ni alẹ́ wa ṣe yí padà. A ó gbé láptọ́ọ̀pù sórí àpótí, Ìyá Àgbà á wà láàárín, àwa yòókù á há ara wa mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù mi kì í fẹ́ kí wọ́n máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá jókòó jìnnà, òkùnkùn ló máa rí. Nítorí náà a ní láti súnmọ́ra. Èmi àti bàbá mi, tó jẹ́ pé “ẹ káàárọ̀, sà” àti “ṣé o ti jẹun” ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa, a wá ń jókòó ní èjìká sí èjìká. Ó máa ń bi mí pé, “Ìwọ kí lo rò sí èyí?” Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí tẹlifíṣàn wà ní igun yàrá, tí kálukú ní àga tirẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù, nǹkan àdáni ni. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi á kàn yọ ní igun, níwájú bàbá, níwájú ìyá bàbá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwòrán ọkàn pupa ló yọ. Ìyá Àgbà tí kò kàwé ka ìyẹn.

“Ta nìyẹn?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni, Ìyá Àgbà.”

“Ọ̀rẹ́ ń fi ọkàn ránṣẹ́.”

Bàbá mi wúkọ́, ó ní kí a jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì á gbé wa fún bí wákàtí méjì. Àwọn aládùúgbò á gbọ́ ohùn tẹlifíṣàn láìgbọ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á yọjú. Bí mo bá sì fẹ́, ọ̀pá náà lè gba ohun tó ń lọ sílẹ̀, ó sì lè dá a dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá akàròyìn dúró láàárín ọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà bínú sí mi: “Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán! Àbí o ò rí i pé àgbà ni?” Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé akàròyìn kò bínú, pé ibi tó dúró sí náà ló ti ń bá a lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Á fẹ́ lọ kírun, á ní, “Sọ fún un pé kó dúró dè mí.”

Ọ̀rẹ́ mi kan ní wàhálà ni mo ń ṣe, pé kí n ra fóònù fún Ìyá Àgbà, pé gbogbo nǹkan wà lórí YouTube. Mo rò ó dáadáa. Fídíò wákàtí kan lórí fóònù lè jẹ mẹ́gábáìtì 500, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwòrán rẹ̀ bá mọ́. Ta ni yóò máa ra dátà yẹn lójoojúmọ́? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bù fún un lọ́tọ̀. Ti tẹlifíṣàn kò rí bẹ́ẹ̀: bóyá ilé kan ló ń wò ó tàbí gbogbo Ìbàdàn, iṣẹ́ tí òpó rẹ̀ ń ṣe kò lé, kò dín. Owó sì kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Fóònù á máa bi Ìyá Àgbà pé kí lo fẹ́ wò, á sì máa gbé irú ohun tó wò lánàá wá fún un. Ohun tí Ìyá Àgbà fẹ́ ni kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún òun, èyí tó fẹ́ràn àti èyí tí kò fẹ́ràn, ní èdè òun, ní àsìkò tí gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ. Ìyẹn ló fi lè jáde lọ́jọ́ kejì kó bá ará ọjà jiyàn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé irú tẹlifíṣàn tí ọ̀pá wa ń gbé ti ń kógbá sílé. Ní 2006, ní ìlú Geneva, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò pé kí tẹlifíṣàn kúrò ní ìlànà àtijọ́, kó bọ́ sí dígítà, wọ́n sì fi ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ṣe gbèdéke fún ọ̀pọ̀ wọn. Nàìjíríà kò bá ọjọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ la ń ṣe é: Jos àti Abuja ní 2016, Ìlọrin ní 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní 2021. Ó ní èrè tirẹ̀. Àyè tí ìkànnì kan ṣoṣo ń gbà tẹ́lẹ̀ lè gba mẹ́wàá báyìí, àwòrán sì mọ́ gaara.

Ṣùgbọ́n ẹni tí tẹlifíṣàn rẹ̀ ti pẹ́ gbọ́dọ̀ ra àpótí kan sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí nǹkan kan. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sábà sọ. Tẹlifíṣàn àtijọ́ máa ń ṣàìsàn díẹ̀díẹ̀. Bí atẹ́gùn bá yí áńtẹ́nà, àwòrán á máa ṣe ràìràì, ohùn á há, ṣùgbọ́n ẹni tó ní sùúrù ṣì lè bá a lọ. Ti tuntun, tí ohun tó ń wọlé kò bá ti tó, ó di dúdú nìyẹn. Olódò kò sí lábẹ́ òpó. Àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn wa tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wo ràìràì lónìí, ṣé wọ́n á rí gaara lọ́la, àbí òkùnkùn?

Ní 2021, mo rí iṣẹ́ sí Èkó. Láptọ́ọ̀pù ni irinṣẹ́ mi. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́: “Gbé e lọ. Kì í ṣe tẹlifíṣàn ni wọ́n rà á fún.” Ó tú íápíìsì, ó ká a mọ́ra bí ẹni ń ká ìlẹ̀kẹ̀, ó fún mi. Mo sọ fún un pé kó fi sọ́wọ́. Ó ní, “Kí ni n ó kì í bọ̀?”

Owó oṣù mi kejì àti ẹ̀kẹta ni mo fi ra tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tòkunbọ̀ kan. Tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín fún àwọn àgbà nílé, ẹ wo ara páálí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀: DVB-T2 ni kí ẹ wá. Tí 2 kò bá sí níbẹ̀, kò ní lè gbé dígítà irú èyí tí Nàìjíríà yàn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí. Ẹ tún wò ó bóyá ihò íápíìsì wà lára rẹ̀. Èyí tí mo rà gbé ìlànà méjèèjì, àtijọ́ àti tuntun, ó sì ní ihò. Mo ra wáyà gígùn tó dé ibi àga Ìyá Àgbà.

Ó gbádùn rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀” ti kúrò lẹ́nu rẹ̀; òun ló tún ń pè mí sórí fóònù báyìí láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó fún èmi tí mo wà ní Èkó. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló ní sí tẹlifíṣàn tuntun yìí. Ó ní ó tóbi, ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò lẹ́kọ̀ọ́ bíi ti láptọ́ọ̀pù: tí òun bá dìde láti kírun, kì í dúró de òun.